Eré Ìjàkadì àti Àrùn Tí Ń Ràn

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí iṣu ti wọ abà, tí oko kò sì béèrè agbára púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ mọ́, nígbà náà ni ìlù a máa dún ní ojúde àwọn ìlú àti abúlé wa, tí àwọn ọmọkùnrin a bọ́ aṣọ sílẹ̀, tí wọn a sì wọ inú agbo lọ láti mú ẹ̀yìn ara wọn balẹ̀. Ẹ̀kẹ ni àwọn kan ń pè é. Gídígbò ni àwọn mìíràn ń pè é. Ìjàkadì sì ni orúkọ tí tọmọdé tàgbà mọ̀ jù. Ní Ọ̀fà, ó ti kọjá eré ọmọdé: orò ìlú ni, ó sì wà nínú oríkì wọn. Ní àwọn ìlú mìíràn ẹ̀wẹ̀, àtòrì ni àwọn ọ̀dọ́ fi ń dán ara wọn wò ní àsìkò ọdún Egúngún, ẹni tí ó bá sì gba pàṣán tí ojú rẹ̀ kò yí padà ni a ń yìn. Nínú agbo wọ̀nyí ni ọmọ ti ń kọ́ bí a ti í ṣubú láìbínú, àti bí a ti í ṣẹ́gun láìfi ẹni tí a dá ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ̀kọ́ ńlá ni, kò sì sí ilé-ìwé tí ó lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Nítorí pé a fẹ́ kí eré yìí pẹ́ láàrin wa ni a ṣe fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀lé yìí fún ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú. Àwọn àgbà sọ pé inú ẹ̀fọ́ ni kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́ ń gbé. Àrùn tí ń ràn wà nínú agbo ìjàkadì wa, a kì í sì í rí i, nítorí pé ojú wa wà lára ẹni tí ó dáni àti ẹni tí a dá.

Ẹgbẹ́ ènìyàn méjì ni ó ń sọ̀rọ̀ lórí eré yìí. Àwọn kìíní ni àwọn tí ó kàwé díẹ̀ tí wọ́n sì rò pé gbogbo ohun ìbílẹ̀ ni ohun ìdọ̀tí. Wọ́n fẹ́ kí a fi òfin pa á rẹ́. Àwọn kejì sọ pé àwọn baba wa ṣe é, kò sì sí ohun tí ó ṣe wọ́n, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kàn án. Àwa kò sí lẹ́yìn ẹgbẹ́ méjèèjì. Ẹni tí ó fẹ́ràn ilé baba rẹ̀ kì í tìtorí pé òrùlé ń jò kí ó dáná sun ún. Bẹ́ẹ̀ ni kì í jókòó sábẹ́ òjò kí ó máa pariwo pé ilé baba òun dára. Yóò gun òkè lọ tún un ṣe ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí àrùn fi ń rìn nínú agbo. Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni.

Ọ̀nà kìíní ni awọ ara. Ìjàkadì kò ṣe é jà láìfi ara kan ara. Ojú a máa ha ojú, ọrùn a máa wé mọ́ ọrùn, òógùn àwọn méjèèjì a sì dà pọ̀. Ibi tí iyanrìn bá ti ha awọ, ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún làpálàpá, fún kúrúnà, fún eéwo àti fún egbò oríṣiríṣi. Àrùn kan tún wà tí àwọn dókítà ń pè ní herpes, tí í máa sú jáde bí ìléròrò kéékèèké tí omi wà nínú wọn. Bí ó bá ti wọ ara ẹni, kì í jáde mọ́ títí ọjọ́ ikú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè sùn fún ọdún púpọ̀. Bí ó bá sì bọ́ sí ojú, ó lè ba ìríran jẹ́. Láti ọdún 1964 ni àwọn dókítà Amẹ́ríkà ti ń kọ̀wé nípa rẹ̀ láàrin àwọn oníjàkadì wọn. Ní ọdún 1989, a kó ọmọkùnrin 175 jọ sí ibùdó kan ní ìpínlẹ̀ Minnesota láti kọ́ wọn ní ìjàkadì. Kí ibùdó náà tó túká, 60 nínú wọn ti ní àrùn yìí, èyí sì lé ní ìdá mẹ́ta gbogbo wọn. Nígbà tí a wádìí, a rí i pé àwọn tí ó bá ẹni tí ara rẹ̀ sú jà ni ó mú jù. Ẹ ṣàkíyèsí pé ní ilẹ̀ tí omi, ọṣẹ àti dókítà ti pọ̀ ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe àrùn àwọn ará oko. Àrùn ìfarakanra ni.

Lórí awọ ara kan náà, ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí ó kan ilẹ̀ wa gan-an. Ní ọdún 1980, àjọ ìlera gbogbo àgbáyé kéde pé ìgbóná, tí àwọn baba wa ń pè ní Ṣọ̀pọ̀ná, ti tán láyé, a sì dẹ́kun bíbupá fún un. Ṣùgbọ́n àjẹsára ìgbóná náà ni ó tún ń dáàbò bo ènìyàn lọ́wọ́ ìbátan rẹ̀ kan, èyí tí a ń pè ní mpox lónìí. Ní ọdún 2017, àrùn yìí tún yọjú ní Nàìjíríà, lẹ́yìn bí ogójì ọdún tí a kò ti gbúròó rẹ̀ níhìn-ín. Ìfarakanra ni ọ̀nà rẹ̀ tí ó tóbi jù. Àwọn bàbá àgbà tí wọ́n jókòó lórí àga tí wọ́n ń wòran ní àpá ìbupá lápá. Àwọn ọmọ tí ń jà níwájú wọn kò ní in. Kí baba tó sọ fún ọmọ pé, “Èmi náà jà ní ìgbà tèmi, kò sì sí ohun tí ó ṣe mí,” kí ó kọ́kọ́ wo apá ara rẹ̀, kí ó sì wo apá ọmọ náà.

Ọ̀nà kejì ni ẹ̀jẹ̀, èyí ni ó sì ń bà wá lẹ́rù jù. Àtòrì tí ó la ẹ̀yìn ẹnìkan tí ó sì tún la ẹ̀yìn ẹlòmíràn ti gbé ẹ̀jẹ̀ láti ara ẹni ìṣáájú lọ sí ara ẹni ìkẹyìn. Ṣùgbọ́n abẹ gbẹ́rẹ́ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní òru tí ó ṣáájú ìjà, ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ni a ń sín ní gbẹ́rẹ́ kí agbára òògùn lè wọ inú ara wọn. Àwa kò pe ẹnikẹ́ni wá síhìn-ín láti jiyàn lórí agbára òògùn náà. Ohun tí a ń sọ ni pé bí abẹ kan ṣoṣo bá ń ti ara ọmọ kan bọ́ sí ara òmíràn, ohun tí ó dájú pé ó ń gbé lọ ni ẹ̀jẹ̀.

Nínú ẹ̀jẹ̀ ni kòkòrò HIV wà. Nínú ẹ̀jẹ̀ náà ni kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ tí a ń pè ní hepatitis B wà, èyí tí ó sì ń yára ràn ju HIV lọ fíìfíì. Nínú ìwádìí ńlá tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà ní ọdún 2018, a rí i pé bí ènìyàn mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún, láàrin àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láti 15 títí dé 64, ni kòkòrò hepatitis B wà lára wọn. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀ bí a ti ń ṣe é fún àwọn ọmọ ilé-ìwé: bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀ ní abúlé kan, nínú ọmọkùnrin mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ó tò síwájú abẹ kan, méjì ni ó gbé e wá láti ilé, àwọn méjèèjì sì lè máà mọ̀. Kòkòrò náà lè wà láàyè fún ọjọ́ méje ó kéré tán nínú ẹ̀jẹ̀ tí ó ti gbẹ sójú irin. Fífi àkísà nu abẹ kò pa á. Fífi omi tútù ṣan án kò pa á. Dída ọtí díẹ̀ lé e lórí kì í ṣe ààbò tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé. Ní ọdún 1982, àwọn dókítà Jàpáánì kọ ìròyìn nípa bí àrùn yìí ti ràn láàrin àwọn ọmọ ilé-ìwé kan tí wọ́n jọ ń ja ìjàkadì sumo. Ní ọdún 2007 ẹ̀wẹ̀, a tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn oníjàkadì 70 ní ilẹ̀ Tọ́kì: a rí àpẹẹrẹ kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ mẹ́sàn-án nínú wọn, a sì rí i nínú òógùn mẹ́jọ. Èyí kò túmọ̀ sí pé òógùn ni ó ń pa ènìyàn. Ó túmọ̀ sí pé ara dídán àti iṣan líle kì í ṣe ẹ̀rí pé àrùn kò sí nínú ẹni.

Ọ̀nà kẹta ni ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ojúde tí a ti ń jà ni ewúrẹ́ àti àgùntàn ń sùn sí ní alẹ́. Nínú erùpẹ̀ àti nínú ìgbẹ́ ẹran ni irúgbìn àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbé, àrùn tí ń ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ pa, tí ń tẹ ẹ̀yìn kọdọrọ bí ọrun, tí ó sì ń pa ènìyàn tọkàntara. Kì í ti ara ẹnìkan ran ẹnìkejì. Ojú egbò ni ó ń gbà wọlé, ì báà ṣe egbò tí kò tóbi ju kí ẹ̀gún gún ni lọ.

Ohun kan wà tí ó so àrùn wọ̀nyí pọ̀, òun ni ó sì mú kí ó ṣòro fún àwọn ènìyàn wa láti gbà pé láti inú agbo ni wọ́n ti wá. Wọn kì í fi ara hàn ní ọjọ́ ìjà. Tẹ́tánọ́ọ̀sì lè lo ọjọ́ mẹ́ta, ó sì lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ó tó dìde. Hepatitis B a máa lo oṣù méjì sí márùn-ún kí ojú tó pọ́n. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò tilẹ̀ ní pọ́n rárá, àfi kí ẹ̀dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà lẹ́yìn ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún. Ní àkókò náà, ta ni yóò rántí abẹ òru ọjọ́ kan? Ọmọ tí ó dá gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ ọdún, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá ti pa lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, kí ni ilé rẹ̀ yóò sọ? Wọn yóò sọ pé àwọn tí ó dá ni ó fi òògùn mú un. Báyìí ni erùpẹ̀ yóò ti dá ẹ̀ṣẹ̀, tí aládùúgbò yóò sì jìyà rẹ̀. Àìmọ̀ ọ̀nà àrùn kì í pa ènìyàn nìkan. A máa ba ìrẹ́pọ̀ ìlú jẹ́ pẹ̀lú.

Àwọn kan yóò tún sọ pé àwọn baba wa kò mọ gbogbo èyí, wọ́n sì gbé ayé. Òtítọ́ ni pé wọ́n gbé ayé. Òtítọ́ sì ni pé púpọ̀ nínú wọn kú ní ọ̀dọ́, kò sì sí ẹni tí ó kà wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí a bú wọn ní òmùgọ̀. Nígbà tí ìgbóná bá wọ ilé, wọ́n mọ̀ pé ó yẹ kí a ya aláìsàn sọ́tọ̀ kúrò láàrin ìlú. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n ṣe òfin lé lórí. Bí ojú tiwa bá rí ju tiwọn lọ tí òfin wa kò sì ju tiwọn lọ, àwa ni òmùgọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ní ìgbà wọn, ọmọ abúlé kan ni ó ń bá ọmọ abúlé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jà. Lónìí, ọkọ̀ ń kó àwọn oníjàkadì láti ìlú dé ìlú, àrùn tí ó wọ ara ní ọjọ́ kan sì lè sùn ní ìpínlẹ̀ mìíràn ní ọjọ́ kejì.

Àpẹẹrẹ ọ̀nà tí ó yẹ kí a tọ̀ wà nínú ìtàn wa. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni ìran Dókítà Oguntola Sapara, ẹni tí a bí ní ọdún 1861 tí ó sì kú ní ọdún 1935. Ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní ilẹ̀ òyìnbó, síbẹ̀ aṣọ Yorùbá ni ó ń wọ̀, ó sì ń wádìí ewé àti egbò igi wa pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Nígbà tí ìgbóná ń pa àwọn ará Èkó, ó fi ọgbọ́n wọ inú ẹgbẹ́ àwọn àwòrò Ṣọ̀pọ̀ná láti mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ó rí i pé ọwọ́ àwọn kan nínú wọn wà nínú títan àrùn náà kálẹ̀, ó sì bá ìwà náà jà títí òfin fi dé. Sapara kò kórìíra ìbílẹ̀. Nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ̀ ni ó ṣe lè mọ ìyàtọ̀ láàrin èèpo àti ọkà.

Ẹ tún jẹ́ kí a wo àwọn ará Jàpáánì, àwọn tí kò sí ẹni tí ó lè bú wọn pé wọn kò mọyì àṣà wọn. Ní agbo sumo, oníjàkadì a máa fi ìgbákọ onígi gba omi agbára lọ́wọ́ ẹlòmíràn kí ó tó jà. Nígbà tí àrùn Kòfíìdì dé ní ọdún 2020, wọn kò pa orò náà rẹ́. Wọ́n ní kí oníjàkadì gba ìgbákọ, kí ó gbé e sún mọ́ ẹnu, ṣùgbọ́n kí ẹnu má ṣe kàn án. Orò dúró, ọ̀nà àrùn dí. Bí àwọn tí ó ní irú àṣà líle bẹ́ẹ̀ bá lè ṣe èyí, kí ni ó dí wa lọ́wọ́?

Ohun tí ó dí wa lọ́wọ́, bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́, kì í ṣe owó. Ìtìjú ni. Ọmọ tí ó ní egbò mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́ jáde, wọn yóò sọ pé ojo ni òun, wọn yóò sì fi orin ta á. Nítorí náà yóò fi òróró bo egbò rẹ̀, yóò sì wọ agbo. Ẹni tí ó dé abẹ tirẹ̀ wá síwájú àgbà oníṣègùn mọ̀ pé wọn yóò sọ pé òun kò gba àgbà gbọ́. Ẹ̀rù ìtìjú yìí ni ó ń fi àrùn pamọ́, kò sì sí dókítà tí ó lè wò ó sàn. Ẹ̀yin ìjòyè nìkan ni ẹ lè wò ó, nítorí pé ẹnu yín ni ìlú fi ń mọ ohun tí í ṣe iyì àti ohun tí í ṣe àbùkù.

Nítorí náà, a mú ìmọ̀ràn wọ̀nyí wá síwájú yín.

Èkíní, kí àgbà kan tí a fọkàn tán, pẹ̀lú nọ́ọ̀sì bí ó bá wà nítòsí, yẹ ara gbogbo oníjàkadì wò ní ojúmọmọ kí ìlù tó dún. Ẹni tí ara rẹ̀ bá sú, tàbí tí ó ní egbò tí kò tíì jiná, kí ó jókòó ní ọjọ́ náà. Kí olórí agbo sì kéde orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú ìyìn, pé ó dáàbò bo ẹgbẹ́ rẹ̀; kí a sì fi àyè rẹ̀ pamọ́ fún un di ọdún tí ń bọ̀. Ní àwọn ìdíje ńlá òkè òkun, a kì í jẹ́ kí oníjàkadì wọlé láì yẹ ara rẹ̀ wò. Ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ tiwọn kì í ṣe ìwọ̀sí fún ọmọ tiwa.

Èkejì, kí ó di òfin pé abẹ kan, ara kan. Ẹni tí yóò sín gbẹ́rẹ́, kí ó mú abẹ tuntun tirẹ̀ wá, kí a sì sọ ọ́ sínú ṣáláńgá lẹ́yìn náà. Iye tí a ń ná lórí ọtí ní ọjọ́ kan yóò ra abẹ fún gbogbo ọ̀dọ́ abúlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí olúkúlùkù ní àtòrì tirẹ̀, kí ó sì sọ èyí tí ó bá ti kan ẹ̀jẹ̀ nù.

Ẹ̀kẹta, bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde lára ẹnikẹ́ni, kí ìjà dúró. Kí a fi omi àti ọṣẹ fọ ojú egbò, kí a dì í, kí a tó tún bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sì dá, kí ìjà náà parí síbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí a gbá ojúde, kí a kó ìgbẹ́ ẹran àti àfọ́kù ìgò kúrò, kí a sì da iyanrìn mímọ́ sí i. Kí omi àti ọṣẹ wà nítòsí, kí oníjàkadì wẹ̀ kí ó tó lọ sílé, kí ó má sì ṣe yá ẹlòmíràn ní aṣọ ìnura tàbí bàǹtẹ́.

Ẹ̀karùn-ún, kí àwọn olùkọ́ àti àwọn ìjòyè jọ rí sí i pé àwọn ọ̀dọ́ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tẹ́tánọ́ọ̀sì àti ti hepatitis B. Ọdún 2004 ni a tó fi èyí tí ó kẹ́yìn yìí kún àjẹsára àwọn ọmọ ọwọ́ ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí a bí ṣáájú rẹ̀, àti àwọn ọmọ oko tí abẹ́rẹ́ kò dé ọ̀dọ̀ wọn, kò ní ààbò kankan títí di òní. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ń gbà á, kì í sì í ṣiṣẹ́ mọ́ fún ẹni tí àrùn ti wọ ara rẹ̀. Nítorí náà, kí ọdún tó dé ni kí a ti lọ.

Kò sí ọ̀kan nínú ìmọ̀ràn márùn-ún yìí tí ó mú ìlù kúrò, tí ó pa oríkì lẹ́nu mọ́, tàbí tí ó sọ akin di ojo. Àwọn baba wa sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ojúde ni ọjà àwọn ọ̀dọ́, ẹ̀yin sì ni àgbà tí ó jókòó níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn kò ní pẹ́ dé. Kí Ọba àti àwọn ìjòyè ìlú kọ̀ọ̀kan pe olórí àwọn ọ̀dọ́, àgbà oníṣègùn, ọ̀gá ilé-ìwé àti nọ́ọ̀sì jókòó pọ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo kí iṣu tó wọ abà, kí wọ́n sì fi ẹnu kò lórí òfin agbo wọn. Ìlú tí ó bá kọ́kọ́ ṣe é, inú wa yóò dùn láti tẹ òfin náà sínú ìwé yìí, kí àwọn ìlú yòókù lè kà á, kí wọ́n sì ṣe tiwọn.